Iye Adìyẹ Tí Apá Mi Ká

Adìyẹ ọgọ́ta ni mo ń sìn lẹ́yìnkùlé ilé tí mò ń gbé ní Ajégúnlẹ̀, ní Èkó, ní ìsàlẹ̀ díẹ̀ sí Boundary. Àwọn tó bá gbọ́ máa ń bi mí pé kí ló dé tí wọn kò fi pé igba, nígbà tí ó ti lé lógún ọdún tí mo ti wà lẹ́nu iṣẹ́ yìí, tí kò sì sí òwúrọ̀ kan tí ẹnìkan kò ní kan ilẹ̀kùn wá béèrè ẹyin. Mo ti sin àádọ́jọ rí. Mo mọ ohun tójú mi rí kí n tó padà sí ọgọ́ta, ọ̀rọ̀ náà kò sì ní yé èèyàn dáadáa bí n kò bá kọ́kọ́ sọ bí ọdún ṣe máa ń rìn fún ẹni tó bá ń sin adìyẹ lórí ilẹ̀ tiwa yìí.

Ààlà ni Boundary lóòótọ́, bí orúkọ rẹ̀ ṣe wí. Ẹ dúró sẹ́nu ọjà, ẹ kọjú sí ìhà èbúté, Àpápá nìyẹn: ilé tó jìnnà síra, igi tó ṣíji bo títì, ọ̀nà tí àwọn ọkọ̀ akẹ́rù ń gbà lọ sí wáàfù. Ẹ yíjú padà, Ajégúnlẹ̀ nìyẹn: yàrá kan, ìdílé kan, tí Ìlàjẹ, Ìjọ̀, Ùròbò, Ìgbò, Haúsá, Ẹ̀gùn àti àwa yòókù jọ ń tò sídìí táǹkì omi kan náà. Wọ́n ní adìyẹ bà lókùn, ara ò rọ okùn, ara ò rọ adìyẹ. Àwọn tèmi ti bà lókùn yìí pẹ́, wọ́n sì ti mọ bí a ṣe ń rí jẹ níbẹ̀. Ajégúnlẹ̀ ni wọ́n ń sùn, Àpápá ló ń bọ́ wọn. Èérí àlìkámà tí mò ń pò mọ́ oúnjẹ wọn, ọ̀dọ̀ àwọn ọlọ́lọ̀ ìyẹ̀fun tó wà ní Àpápá ló ti ń wá. Flour Mills of Nigeria, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1960, ti ń lọ àlìkámà níbẹ̀ láti 1962. Ìyẹ̀fun á lọ bá àwọn oníbúrẹ́dì, èérí á wá bá wa. Pálẹ́ẹ̀tì tí wọ́n fi to ẹrù ní wáàfù ni mo kàn mọ́ra ṣe ògiri ilé adìyẹ, orí pálẹ́ẹ̀tì kan náà ni àpò oúnjẹ wọn ń sùn kí ọ̀rinrin ilẹ̀ má bàa mú un bu. Tapólì tí mo fi ń bo ẹ̀gbẹ́ ilé wọn nígbà òjò, ọkọ̀ akẹ́rù ló ti lò ó gbó kó tó dé ọwọ́ mi.

Adìyẹ kan tó ń yé máa ń jẹ nǹkan bíi 115 gíráàmù lójúmọ́. Ọgọ́ta á jẹ tó kílò méje, àpò kílò 25 kò ní pé ọjọ́ mẹ́rin. Omi tí wọ́n ń mu á tó ìlọ́po méjì oúnjẹ, bí oòrùn bá mú, á ju bẹ́ẹ̀ lọ, omi kànga àdúgbò wa sì níyọ̀ nínú, nítorí náà ọ̀dọ̀ mérúwà ni mo ti ń ra tiwọn bí mo ṣe ń ra tèmi, kẹ́ẹ̀gì lé kẹ́ẹ̀gì. Lọ́jọ́ tí nǹkan bá ń lọ déédéé, ẹyin 48 ni mò ń kó: kíréètì kan, méjìdínlógún lé. Mo ti mọ ìṣirò yìí lórí débi pé bí ẹyin bá lọ sílẹ̀ sí 43, mi ò ní jẹun kí n tó lọ wo ohun tó dé.

Ọdún tèmi kì í bẹ̀rẹ̀ ní oṣù Ṣẹ́rẹ́, oṣù méjìlá kì í sì í parí rẹ̀. Ó ń bẹ̀rẹ̀ ní oṣù Ẹrẹ́nà, nígbà tí àpótí òròmọdìyẹ bá dé láti Ìbàdàn, ó sì ń parí ní oṣù Ọ̀pẹ ọdún kejì, nígbà tí mo bá ta adìyẹ tó kẹ́yìn fún ẹni tó fẹ́ fi se ọbẹ̀ Kérésì. Mo ti gbìyànjú oṣù mìíràn. Oṣù Ṣẹ́rẹ́, ọyẹ́ ń fẹ́, òru tutù, eruku ń wọ̀ wọ́n nímú, èédú tí mò ń kó sínú ìkòkò láti fi mú ara wọn gbóná kò sì dúró pẹ́. Oṣù Òkúdù, òjò kò jẹ́ kí èérún igi tí mo tẹ́ sílẹ̀ fún wọn gbẹ, ìgbẹ́ ẹ̀jẹ̀ sì kó wọn lọ ní méje-méje. Ẹrẹ́nà ló bá ibi tí a wà yìí mu. Ooru tó ń bá àgbà adìyẹ jà nínú oṣù náà ló ń bá mi tọ́ ọmọ tuntun. Ìkòkò èédú kan lálẹ́ ti tó wọn. Ajẹsára àrùn Gumboro àti ti àrùn lùkúlùkú á ti wọ̀ wọ́n lára kí òjò ńlá tó dé. Láti ọ̀sẹ̀ 18 sí 20 ni wọ́n á bẹ̀rẹ̀ sí í yé. Ẹ kà á láti àárín Ẹrẹ́nà, ìparí oṣù Agẹmọ sí ìbẹ̀rẹ̀ oṣù Ògún ló bọ́ sí. Ẹyin àkọ́kọ́ á kéré, ẹ̀jẹ̀ díẹ̀ lè wà lára èèpo rẹ̀, àwọn oníbàárà á sì máa wò ó tìyanu-tìyanu. Ṣùgbọ́n títí ilé-ìwé á fi wọlé ní oṣù Owewe, tí àwọn ìyá á tún máa se ẹyin sínú abọ́ oúnjẹ ọmọ, tí mọ́làmù onítíì tó wà ní ìkóríta á máa dín in láti ìdájí, ẹyin á ti kún ọwọ́.

Mo fẹ́ràn àpótí yẹn nígbà tí wọ́n bá kọ́kọ́ ṣí i. Ó ń rùn bí ìyẹ́ tuntun àti páálí. Mi ò gbára lé tẹmómítà rí. Bí òròmọdìyẹ bá ṣùjọ lé ara wọn lórí, òtútù ń mú wọn. Bí wọ́n bá sá jìnnà sí ìkòkò èédú tí wọ́n ń la ẹnu, ooru ti pọ̀. Bí wọ́n bá tàn káàkiri, tí ọ̀kan ń jẹ, tí ọ̀kan ń sùn gbalaja bí ẹni tó ti kú, ó ti dára. Ọdún àkọ́kọ́ tí mo rí ọ̀kan tó sùn báyẹn, mo gbé e sókè, mo fẹ́ẹ́ bú sẹ́kún, ló bá lajú wò mí.

Àwọn èèyàn máa ń sọ pé Èkó kò ní ìgbà, pé ooru ni àti òjò. Adìyẹ mọ̀ ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ojúmọ́ oṣù Òkúdù fi nǹkan bí ìṣẹ́jú 45 gùn ju ti oṣù Ọ̀pẹ lọ níhìn-ín, èèyàn kò ní mọ̀, ṣùgbọ́n adìyẹ ń kà á. Ó fẹ́ ìmọ́lẹ̀ wákàtí 14 sí 16 kó tó lè yé dáadáa, Ọlọ́run sì fún wa ní nǹkan bí 12. Ìdí nìyí tí mo fi ń jí ní aago mẹ́rin ìdájí. Tẹ́lẹ̀, àtùpà ni, nítorí kò sẹ́ni tó lè fi ojú sọ́nà fún Nẹ́pà. Báyìí, iná sólà kékeré ni. Ìdájí ni mò ń fi kún un, n kì í fi kún alẹ́. Bí èèyàn bá tan iná fún wọn lálẹ́ tó wá ṣàdéédéé pa á, òkùnkùn á bá wọn nílẹ̀ láìtíì fò sórí igi tí wọ́n ń bà lé, wọ́n á sì wọ́ jọ sí igun kan, wọ́n á tẹ ara wọn pa. Oòrùn tó ń wọ̀ díẹ̀díẹ̀ ló mọ bí a ṣe ń mú adìyẹ lọ sùn.

Ẹyin kan ń gba nǹkan bí wákàtí 25 nínú adìyẹ. Ìyẹn ni pé èyí tó yé ní aago méje lónìí, á yé ní nǹkan bí aago mẹ́jọ lọ́la, mẹ́sàn-án lọ́tùnla, títí yóò fi bọ́ sí ọ̀sán. Á wá sinmi lọ́jọ́ kan kó tó tún bẹ̀rẹ̀ láti òwúrọ̀. Mo máa ń ṣàlàyé rẹ̀ fún àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀, nítorí ọ̀pọ̀ wọn ló ń bínú sí adìyẹ tí kò yé lọ́jọ́ kan. Wọ́n tún máa ń bi mí níbo ni àkùkọ wà. Kò sí àkùkọ lọ́dọ̀ mi. Adìyẹ kò nílò rẹ̀ láti yé ẹyin, ẹyin tí a fẹ́ kó pa ọmọ nìkan ló nílò rẹ̀.

“Adìyẹ ń làágùn, ìyẹ́ ni kò jẹ́ ká mọ̀.” Láti kékeré ni mo ti ń gbọ́ òwe yẹn lẹ́nu ìyá mi, mo sì ti ṣe iṣẹ́ yìí tó ọdún mélòó kan kí n tó mọ̀ pé adìyẹ kì í làágùn rárá. Awọ ara rẹ̀ kò ní ibi tí òógùn á gbà jáde. Ara rẹ̀ sì gbóná ju tiwa lọ, ó tó 41 lórí ìwọ̀n Celsius nígbà tí ara rẹ̀ dá. Bí ooru ìta bá ti ń sún mọ́ 33, bí ó ti máa ń rí ní Èkó láàárín Èrèlé sí Ẹrẹ́nà, ohun tó kù tó lè ṣe ni kó na apá rẹ̀ méjèèjì kúrò lára, kó la ẹnu, kó máa mí hẹlẹhẹlẹ. Èémí yẹn ló ń gbé ooru jáde. Ṣùgbọ́n bó ṣe ń mí kíákíá bẹ́ẹ̀, carbon dioxide inú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ń bá a jáde, ara rẹ̀ sì nílò ìyẹn láti fi mọ èèpo ẹyin. Adìyẹ tó ń fi èémí gba ara rẹ̀ lọ́wọ́ ooru ń mí èèpo ẹyin rẹ̀ dànù. Ìdí nìyẹn tí ẹyin ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn fi máa ń fẹ́lẹ́, tí á fọ́ sí èèyàn lọ́wọ́ nígbà tí kò tíì fún un rárá. Mo ti wá gba òwe náà gbọ́ lọ́nà mìíràn. Ìyà kan wà lábẹ́ ìyẹ́ lóòótọ́, àwọn àgbà rí i. Èèpo ẹyin ló ń tú àṣírí rẹ̀ fún èmi.

Ohun tí mò ń ṣe sí i kò le. Imọ̀ ọ̀pẹ ni mo fi bo orí páànù. Oúnjẹ, ìdájí àti ìrọ̀lẹ́ ni, nítorí oúnjẹ tó ń dà nínú wọn á tún máa dá kún ooru ara bó bá bá wọn lọ́sàn-án gangan. Obìnrin tó ń ta omi inú ọ̀rá ní iwájú ilé wa máa ń fi àwọn tó ti dì gbagidi sílẹ̀ fún mi, mo máa ń jù wọ́n sínú omi adìyẹ ní aago kan ọ̀sán, ọmọ rẹ̀ a sì gba ẹyin méjì lálẹ́. Ìkarahun ńkọ́? Àwọn ìdílé Ìjọ̀ tó wà ní ojúlé kẹta máa ń jẹ ìṣáwùrú. Àwọn ọmọ wọn ń kó ìkarahun rẹ̀ wá fún mi, mò ń fi odó gún un, mò ń dà á sí abọ́ lọ́tọ̀ ní ìrọ̀lẹ́. Òru ni adìyẹ ń mọ èyí tó pọ̀ jù nínú èèpo ẹyin, nítorí náà ó fẹ́ kí ẹfun ìkarahun wà nínú òun kí ilẹ̀ tó ṣú. Mo ti rí adìyẹ tó rìn kọjá oúnjẹ tútù, tó lọ síbi ìkarahun tààrà, bíi aláboyún tó ń wá ẹfun.

Lẹ́yìn náà ni òjò àkọ́rọ̀. Gbogbo ohun tó ń mí ní Ajégúnlẹ̀ ló ń yọ̀ sí i, adìyẹ àti èèyàn. Fún ọ̀sẹ̀ méjì tàbí mẹ́ta nǹkan á rọrùn. Kí ó tó di oṣù Òkúdù, ìjà mìíràn ti dé: èérún igi á rin, ìgbẹ́ á bẹ̀rẹ̀ sí í ta èèyàn lójú, ẹ̀fọn á pọ̀. Ẹ̀fọn wà lára ohun tó ń gbé àrùn tó ń yọ kókó sí adìyẹ lójú àti lórí ogbe kiri, ẹ̀fọn sì ni wọ́n fi ń dá Ajégúnlẹ̀ mọ̀. Bí mo bá bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ dé ibi tí orí adìyẹ wà, tí ojú mi bá ta mí, mo mọ̀ pé ojú tiwọn náà ń ta wọ́n, n ò ní dúró di ọjọ́ kejì kí n tó kó ilẹ̀ náà. Àgbàdo tuntun máa ń wọ ọjà ní àsìkò òjò, kì í sì í gbẹ dénú. Mi ò ní rà á. Àgbàdo tó bá ti bu ń pa adìyẹ láti inú ẹ̀dọ̀, kò sì sí ẹni tó máa mọ̀ ju pé ẹyin ń dín.

Ọjọ́ Àìkú, 10 oṣù Agẹmọ 2011. Ẹni tó wà ní Èkó lọ́jọ́ náà kò lè gbàgbé. Òjò bẹ̀rẹ̀ lóru, ó rọ̀ mọ́jú, ó tún rọ̀ di ìrọ̀lẹ́. Ohun tó rọ̀ lé ní 200 mílímítà, èèyàn sì kú káàkiri ìlú. Àádọ́jọ adìyẹ ni mo ní. Owó àjọ ni mo fi rà wọ́n, wọ́n sì ń yé kíréètì mẹ́rin lójúmọ́. Ní nǹkan bí aago mẹ́fà àárọ̀, omi gọ́tà ti bá ti kánààlì pàdé, àwọn méjèèjì sì jọ wọ ẹ̀yìnkùlé wa láìsí ariwo. Káfíńtà Ìlàjẹ tó ń gbé yàrá kejì sí tèmi ló kọ́kọ́ wọnú omi. Ó ní, “Ìyá Ẹlẹ́yin, ẹ má wọlé o. Ẹ dúró lórí àtẹ̀gùn, kí ẹ máa gbà wọ́n.” Ó ń mú wọn ní méjì-méjì lẹ́sẹ̀, mò ń gbà wọ́n, ọmọ mi ń kó wọn lọ sí kọ́rídọ̀ òkè.

Mo ti rò pé ariwo ni màá máa gbọ́. Adìyẹ tí ìyẹ́ rẹ̀ ti rin gbingbin kì í ké. Á dákẹ́, á wúwo, á máa wò ọ́. Omi dé àyà káfíńtà náà kó tó jáde, ó sì fẹ́ padà, èmi ni mo fà á lápá. Nígbà tí a kà wọ́n lókè, méjìdínlọ́gọ́ta ni. Àwọn tó kù, ọjọ́ kẹta la tó lè kó wọn.

Ìyẹn ni ọgọ́ta tí ẹ ń bi mí. Nǹkan bí iye tí apá wa ká lọ́jọ́ náà ni. Mo ti ń sọ ọ́ fún gbogbo ẹni tó bá wá kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ mi: kí wọ́n tó ka owó ọwọ́ wọn, kí wọ́n ka àtẹ̀gùn ilé wọn, kí wọ́n ka iye ọwọ́ tó wà nínú ilé ní aago méjì òru. Ẹni tó ń gbé Ìkẹjà lè ka owó rẹ̀ nìkan. Àwa tí a wà níhìn-ín, àlejò omi ni wá. Àgò mẹ́jọ ni mo ní, tí a ń kó méje tàbí mẹ́jọ sí nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan. Èmi àti ọmọ mi obìnrin, ìrìn mẹ́rin-mẹ́rin, ó tán. A máa ń dán an wò lẹ́ẹ̀kan ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù Òkúdù, àwọn ọmọdé àdúgbò a sì pé jọ láti wò wá.

Ilẹ̀ Ajégúnlẹ̀, ilẹ̀ àfọwọ́ṣe ni ọ̀pọ̀ rẹ̀. Àbàtà ni, iyanrìn, èérún igi àti pàǹtí ni àwọn tó ṣíwájú wa dà sí i títí ó fi gba ilé. Ní Ifẹ̀, wọ́n ní adìyẹ oníka márùn-ún ló tan ilẹ̀ sórí omi nígbà ìwáṣẹ̀. Ìka mẹ́rin-mẹ́rin ló wà lẹ́sẹ̀ àwọn tèmi, wọn kò sì mọ ìtàn kankan, ṣùgbọ́n mo máa ń ronú nípa ọ̀rọ̀ náà nígbàkúùgbà tí mo bá ń kó ilẹ̀ wọn. Èérún igi tí wọ́n ti ta, tí wọ́n ti fi ìgbẹ́ pò, tó ti jẹrà di erùpẹ̀ dúdú, ni mò ń tẹ́ sẹ́yìnkùlé lọ́dọọdún. Àwọn tó ń gbin ẹ̀fọ́ lẹ́bàá ọ̀nà Badagry máa ń wá ra díẹ̀ lápò, èyí tó kù dúró. Àtẹ̀gùn mẹ́rin ni a ń gùn láti ẹ̀yìnkùlé wọlé nígbà tí mo kó dé ilé yìí. Méjì ló kù lókè ilẹ̀ báyìí.

Ìgbà ọyẹ́ ni lùkúlùkú ń jà jù. Ẹni tó bá sọ pé adìyẹ òun kò tíì ní in rí, kó má tíì yọ̀. Ajẹsára rẹ̀ wà, kò sì wọ́n. National Veterinary Research Institute ní Vom, nítòsí Jos, tó ti wà láti 1924, wà lára àwọn tó ń ṣe é. Ohun tó máa ń bà á jẹ́ ni ooru ojú ọ̀nà àti omi tí a pò ó mọ́. Inú fúláàsì tó ní omi dídì ni mò ń gbé e sí wálé. Mi ò ní fún adìyẹ lómi fún nǹkan bíi wákàtí méjì, kí òùngbẹ lè gbẹ wọ́n. Mà á pò wàrà oníyẹ̀fun díẹ̀ mọ́ omi, nítorí kẹ́míkà tí wọ́n fi ń sọ omi di mímọ́ máa ń pa ajẹsára náà, wàrà ni kì í jẹ́ kó rí i pa. Ìdájí ni gbogbo rẹ̀, kí oòrùn tó yọ. Ọ̀pọ̀ èèyàn tí mo mọ̀ ra ajẹsára, wọ́n sì fi fún adìyẹ, adìyẹ sì kú, wọ́n wá ní ayédèrú ni wọ́n tà fún àwọn. Nígbà mìíràn, inú báàgì tó wà nínú bọ́ọ̀sì ní àárín súnkẹrẹ-fàkẹrẹ ló ti kú.

Àwọn ọdún kan wà tí ìpọ́njú kò bá òjò tàbí ọyẹ́ wá. Ní oṣù Èrèlé 2006 ni wọ́n kéde àrùn ayọ́kẹ́lẹ́ tó ń pa ẹyẹ tí wọ́n ń pè ní bird flu ní Kàdúná, ìgbà àkọ́kọ́ rẹ̀ nílẹ̀ Áfíríkà. Kò sí adìyẹ kan tó ṣàìsàn lọ́dọ̀ mi, síbẹ̀ àwọn èèyàn ń rìn gba òdìkejì ọ̀nà bí wọ́n bá rí mi pẹ̀lú kíréètì. Ó tún padà wá ní 2015, Èkó wà lára ibi tó ti kọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀. Láti ìgbà náà, bàtà tí mo wọ̀ lọ ọjà adìyẹ kì í wọ ilé adìyẹ mi, bó ti wù kí n kánjú tó. Ní ìbẹ̀rẹ̀ 2023, nígbà tí owó náírà kò sí lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni, ẹyin kún yàrá mi dé abẹ́ ibùsùn. Mo tà á láwìn fún gbogbo ojúlé. Ẹyin tí a kò bá fọ̀ ní ohun kan lára tí kì í jẹ́ kí kòkòrò tètè wọlé, nítorí náà mo ń fi aṣọ gbígbẹ nu èyí tó bá dọ̀tí, mo ń fi orí rẹ̀ tó tóbi sókè, ọ̀pọ̀ rẹ̀ sì fara da ọ̀sẹ̀ méjì tó le jù. Kò sí ẹni tó jẹ mí lówó tí kò san án. Mo fẹ́ kí wọ́n kọ ìyẹn náà sílẹ̀ nípa Ajégúnlẹ̀, nítorí ohun mìíràn ni wọ́n sábà máa ń kọ.

Oṣù Ọ̀pẹ ọdún kejì ni mo máa ń ta wọ́n. Àwọn olóko ńlá kì í jẹ́ kó pẹ́ tó bẹ́ẹ̀. Láàárín ọ̀sẹ̀ 72 sí 80 ni wọ́n ti ń ta tiwọn, torí pé oúnjẹ kò dín, ẹyin ń dín. Mo mọ̀ pé wọ́n jàre nínú ìṣirò. Àmọ́ ní ọ̀sẹ̀ Kérésì, ohun tí ọjà ń pè ní “old layer” máa ń di góòlù, obìnrin tó ní òun kò lè jẹ adìyẹ tó rọ̀ bí búrẹ́dì á wá láti Àpápá gan-an wá rà á. Ẹran rẹ̀ le, omi rẹ̀ dùn. Mo máa ń ní kí ẹni tó rà á dì í mú dáadáa, kó má dojú rẹ̀ kọlẹ̀ lọ dé ilé.

Oṣù Ṣẹ́rẹ́ tó bá tẹ̀lé e, ilé adìyẹ á ṣófo. Mà á kó gbogbo ilẹ̀ rẹ̀, mà á fọ ògiri, mà á fi ẹfun kùn ún, mà á ṣí tapólì sílẹ̀ kí oòrùn ọ̀sẹ̀ mẹ́fà ó wọ̀ ọ́. Ìsinmi yẹn ń pa àrùn ju oògùn lọ. Ẹyin olóko ńlá ni mò ń rà tà ní àkókò náà, kò sì níyì lọ́jà, nítorí Kérésì ti kọjá, owó ilé-ìwé ti gba ọwọ́ àwọn òbí. Mo ṣì ń jí ní aago mẹ́rin. Mà á jókòó sórí ibùsùn, ọwọ́ mi á wá iná sólà, mà á rántí pé kò sẹ́ni tó ń dúró dè mí.

Nínú oṣù Agẹmọ tó kọjá, omi tún wá. Aago méjì òru ni ọmọ mi kan ilẹ̀kùn. Ó ní, “Màámi, gọ́tà ti dákẹ́.” Òun náà ti mọ̀ ọ́n: nígbà tí gọ́tà bá ń hó, omi ń lọ, ìgbà tó bá dákẹ́ ni ó ti kún. A gbé àgò. Káfíńtà Ìlàjẹ ti darúgbó, ó jókòó sórí àtẹ̀gùn pẹ̀lú tọ́ọ̀ṣì, òun ló ń kà. Ó kà dé ọgọ́ta kí omi tó dé orúnkún mi. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, ẹyin mọ́kànlélógójì ló wà ní kọ́rídọ̀ òkè, nídìí ìlẹ̀kùn oníkálukú, méjì sì wà nínú bàtà ẹnìkan. Àwọn ọmọ ojúlé kẹta ló kó wọn jọ.